Oúnjẹ Ínṣì: Bí Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Èpè Caliban Ṣe Ṣì Wá Lọ́nà

Ọwọ́ mi ni àṣìṣe yìí ti kọjá. Èmi ni wọ́n gbé ìwé náà fún pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí àmì ohùn kò ti pé, mo sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ṣìnà jù lójú ewé náà lọ láìfọwọ́ kàn án. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí pé ẹni tó bá ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé Shakespeare sí Yorùbá yóò tún pàdé irú rẹ̀.

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ kan ló kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ pé kí wọ́n túmọ̀ ìran mélòó kan nínú The Tempest, eré tí Shakespeare kọ, kí wọ́n lè fi Yorùbá ṣe é lórí ìtàgé níparí ọdún ẹ̀kọ́. Àwọn mẹ́rin ló pín iṣẹ́ náà. Ìran kejì nínú apá kejì bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tí ìyá àgbà rẹ̀ tọ́ dàgbà, tí Yorùbá sì dùn lẹ́nu rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àgbà lọ. Ibẹ̀ ni Caliban ti ru igi wọlé, tí àrá ń sán, tó sì ń ṣẹ́ èpè fún ọ̀gá rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: erékùṣù yẹn ni wọ́n bí Caliban sí. Prospero, tó jẹ́ olórí ìlú Milan kí àbúrò rẹ̀ tó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, ló wá bá a níbẹ̀, tó gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì sọ ọ́ di ẹrú tó ń ṣẹ́gi. Lọ́dọ̀ Prospero àti Miranda ọmọ rẹ̀ ni Caliban ti kọ́ èdè tó ń sọ. Nínú apá kìíní, ó ti sọ ọ́ sí wọn lójú pé èrè tí òun jẹ nínú èdè tí wọ́n kọ́ òun ni pé òun mọ èpè í ṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀.

Èpè náà nìyí bí Shakespeare ṣe kọ ọ́:

"All the infections that the sun sucks up
From bogs, fens, flats, on Prosper fall, and make him
By inch-meal a disease!"

Ọdún 1623 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ eré yìí jáde, nínú àkójọ ńlá tí àwọn ẹlẹgbẹ́ Shakespeare ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀, òun ló sì ṣíwájú gbogbo eré tó wà nínú ìwé náà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ tó dá wa láàmú níbẹ̀ ni "ynch-meale".

Ohun tí ọmọ wa kọ ni pé: "Gbogbo àrùn tí oòrùn ń fà mu nínú àbàtà, nínú irà, nínú ẹrẹ̀, kó já lé Prospero lórí, kó fi oúnjẹ ínṣì kan sọ ọ́ di aláìsàn!"

Mo kà á, mo ní ó dáa. Ìdí tí mo fi ní ó dáa ni mo ti rò jù lọ láti ìgbà náà. Létí Yorùbá, oúnjẹ àti àìsàn kì í jìnnà síra wọn tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ọ̀tá. Ta ni kò gbọ́ ọ rí pé inú oúnjẹ ni wọ́n ti mú lágbájá, pé òkèlè kan péré ló jẹ nílé àna tí ara rẹ̀ kò fi dá ṣáká mọ́? Nígbà tí mo rí "oúnjẹ ínṣì kan", òkèlè kékeré ló wá sí mi lójú, òkèlè tí kò ju ínṣì kan lọ tí wọ́n ti bu nǹkan sí. Èmi fúnra mi ni mo parí ìtumọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ká ní gbólóhùn náà rí wọ́gọwọ̀gọ létí ni, ǹ bá dúró yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bá ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mu, ìyẹn ló jẹ́ kó ríbi yọ́ kọjá.

Aránṣọ ló mú un.

Ìyá tí wọ́n gbé aṣọ àwọn òṣèré fún wá síbi ìdánrawò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ́ wọn ọmọkùnrin tó máa ṣe Caliban. Àpò ìrẹsì méjì ló fẹ́ já pọ̀ rán ẹ̀wù fún un. Téèpù rẹ̀ wà lọ́rùn, ó ti gbó débi pé nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ti pa rẹ́ pátápátá, orí 10 ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá yọ 10 kúrò nínú ohun tó bá rí. Ọmọ náà ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìdúró bí ìyá yìí ṣe ń wọn èjìká rẹ̀. Bó ṣe dé "oúnjẹ ínṣì kan", ìyá náà dáwọ́ dúró.

"Ẹ dákun, ọ̀gá," ó kọjú sí mi, "irú oúnjẹ wo ni wọ́n ń fi ínṣì wọ̀n?"

Mo ní òkèlè kékeré ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ó wo téèpù ọwọ́ rẹ̀, ó tún wò mí. "Kóńgò la fi ń wọn oúnjẹ, ọ̀gá. Aṣọ là ń fi ínṣì wọ̀n. Ẹ má bínú o, àmọ́ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn lè ní nǹkan mìíràn lọ́kàn."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Èmi kò gbádùn oorun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo tún ìlà Gẹ̀ẹ́sì náà kà, mo sì rí i pé kò sí jíjẹ kankan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bu nǹkan sẹ́nu. Oòrùn fa àrùn sókè, àrùn já lu ènìyàn, ènìyàn di àrùn, bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ nìyẹn látòkè dé ìsàlẹ̀. Bí "inch-meal" bá jẹ́ oúnjẹ, kò níbi tó máa jókòó sí nínú gbólóhùn náà.

Lọ́jọ́ kejì a jókòó yí tábìlì ká. Ọmọbìnrin tó túmọ̀ rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: meal ni oúnjẹ, gbogbo ayé ló mọ̀. Ọmọkùnrin kan ní rárá, ìyẹ̀fun ni, ó sì ní ẹ̀rí: oatmeal, cornmeal, wọ́n kọ ọ́ sára agolo. Olùkọ́ wọn ló wá sọ ohun tó ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, piecemeal ńkọ́? Owó àjẹsílẹ̀ tí wọ́n ń san fún wa ní piecemeal, ta ló rí oúnjẹ nínú rẹ̀?" Gbogbo wa dákẹ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ piecemeal lórí tábìlì yẹn, ìyẹn kí a máa ṣe nǹkan ní ègé-ègé. A ń gbọ́ ọ lórí rédíò, a ń kà á nínú ìwé ìròyìn, kò sì sẹ́ni tó tíì bi í léèrè rí pé kí ni meal ń wá lẹ́yìn rẹ̀.

Mo lọ wo inú àwọn atúmọ̀ èdè ńlá. Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ti Bosworth àti Toller, tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní 1066. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i. Ohun tí mo rí ni pé meal mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ àlejò, àwọn méjì yòókù ń bá ara wọn tan.

Àlejò ni ti ọmọkùnrin yẹn, meal tó jẹ́ ìyẹ̀fun. Melu ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́. Ìdílé lílọ̀ ló ti wá, òun àti mill, ibi tí a ti ń lọ àgbàdo, sì jẹ́ ẹbí. Kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tiwa, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lónìí ló ń tan ojú jẹ.

Àwọn méjì yòókù wá láti inú mǣl. Ìwọ̀n ni mǣl. Ẹ bá mi dúró síbi yìí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Láti orí ìwọ̀n, mǣl di àkókò tí a wọ̀n sọ́tọ̀, àkókò tí a dá fún nǹkan. Láti orí àkókò tí a dá, ó di àkókò oúnjẹ. Láti orí àkókò oúnjẹ, ó di oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ń sọ mealtime, àkókò ló ń pè lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan, ṣì ní nǹkan méjèèjì lọ́wọ́: Mahl ni oúnjẹ, Mal ni ìgbà, einmal sì ni ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́dọ̀ àwọn ará Netherlands, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, maal, ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Yorùbá kò gba ọ̀nà yẹn rárá. Oúnjẹ tiwa, ohun tí à ń jẹ ni, jíjẹ wà nínú orúkọ rẹ̀ gbangba. Tí a bá fẹ́ dárúkọ àkókò, àá fi tẹ̀lé e: oúnjẹ àárọ̀, oúnjẹ ọ̀sán, oúnjẹ alẹ́. Àwa fi ẹnu sọ oúnjẹ lórúkọ, àwọn fi aago sọ ọ́.

Nítorí náà ọmọbìnrin wa kò sọ ohun tí kò sí. Oúnjẹ wà nínú ìran ọ̀rọ̀ yẹn lóòótọ́. Kàn jẹ́ pé ọmọ ni oúnjẹ, ìwọ̀n ni baba, baba yẹn ló sì wà nínú inch-meal. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ là. Ọmọ tó ti ń fi ọwọ́ bo ìwé rẹ̀ láti àárọ̀ wá ṣí i padà.

Bí mǣl ṣe wá di ìrù lára ọ̀rọ̀ mìíràn náà yẹ ká sọ. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń yí ìparí ọ̀rọ̀ padà láti fi iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe hàn. Bí wọ́n bá fi -um parí ọ̀rọ̀-orúkọ, ó lè sọ fún ọ pé nǹkan náà ju ẹyọ kan lọ, pé "ní" tàbí "pẹ̀lú" sì wà nínú rẹ̀. Mǣlum, nígbà náà, ni "ní ìwọ̀n-ìwọ̀n". Ọ̀nà kan náà ni whilom gbà wá, tí ó túmọ̀ sí "nígbà kan rí": hwīlum ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, "ní àwọn ìgbà kan". Nígbà tó yá, àwọn ìparí wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dànù lára èdè náà, -mǣlum di -mele, -mele di -meal. Kò sí ohun tó tún ń sọ fún etí mọ́ pé ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, tàbí pé "ní" wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí Shakespeare fi kọ "by" síwájú rẹ̀. "Ní" tó ti gbọ̀n dànù ni "by" wá rọ́pò.

Mo kọ àwọn tí mo rí sílẹ̀ lórí pátákó, mo ní kí àwọn ọmọ bá mi fi Yorùbá sí wọn. Dropmǣlum: bí omi ṣe ń kán, tó, tó, tó. Styccemǣlum, tí stycce rẹ̀ jẹ́ ègé nǹkan: ní ègé-ègé, wẹ́wẹ́. Fōtmǣlum: ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́sẹẹsẹ. Stundmǣlum: láti ìgbà dé ìgbà. Floccmǣlum: lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ti ọ̀wọ́ yìí ṣì wà nínú iṣẹ́ Chaucer, akéwì tó kú ní 1400, níbi tí àwọn ará ìlú ti wọ́ tọ olúwa wọn Walter lọ láti bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́yàwó. "Flokmeele" ni wọ́n fi lọ, bí a ṣe máa ń wọ́ lọ sílé ẹni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò lè dá sọ. Scēafmǣlum wà nínú Ìhìnrere Mátíù tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, orí 13 ẹsẹ 30, níbi tí baálé ti ní kí wọ́n di èpò láti sun ún níná. Kí wọ́n dì í ní ìtí-ìtí ni ọ̀rọ̀ yẹn wí.

Ọmọkùnrin ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà lórí pátákó. Ó ní, "Ẹ wò ó, gbogbo rẹ̀ la ń pè lẹ́ẹ̀mejì."

Òótọ́ ni. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní láti fi ìrù kan sí i, àwa á tún ọ̀rọ̀ náà pè. Ègé di ègé-ègé, ìtí di ìtí-ìtí, ọ̀wọ́ di ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, kan di ọ̀kọ̀ọ̀kan, oṣù di oṣooṣù. A kì í ronú lé e. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè ṣe é. Ìyá tó ń ta ata á ní "márùn-ún márùn-ún ni mo tò ó", ìwọ á sì mọ̀ pé òkìtì ata pọ̀ nílẹ̀, pé márùn-ún ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo ti ń fi èdè yìí ṣiṣẹ́ tipẹ́, mi ò kà á sí iṣẹ́ ńlá rí títí mo fi rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè tó ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Nínú gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ -mǣlum yẹn, piecemeal nìkan ló ṣì wà lẹ́nu ará ọjà lónìí. Inchmeal kù sínú atúmọ̀ èdè àti ẹnu Caliban.

Ọ̀kan wà tí Shakespeare tún lò, mo sì dá a sọ́tọ̀ nítorí pé ó bani lẹ́rù. Nínú Cymbeline, eré rẹ̀ mìíràn, wọ́n parọ́ fún Posthumus pé ìyàwó rẹ̀ ti dalẹ̀ rẹ̀, ó sì ní ká ní ó wà lọ́dọ̀ òun níbí, òun ì bá fà á ya "limb-meal". Limmǣlum ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́. Oríkèé-oríkèé ni tiwa, kò sì nílò àlàyé fún ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń kun ẹran ọdún.

Ó ku inch. Ìyẹn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti yá a. Uncia ni ìdá kan nínú méjìlá ní èdè Látìn, ìdá méjìlá ẹsẹ̀ bàtà tàbí ìdá méjìlá òṣùwọ̀n ìwúwo. Gẹ̀ẹ́sì gbà á láyé ọjọ́un, wọ́n pè é ní ynce, ó di inch. Nígbà tó yá, wọ́n tún gba uncia kan náà lẹ́ẹ̀kejì láti ẹnu àwọn ará Faransé, ìyẹn di ounce. Àwọn ará Faransé fúnra wọn ń pe ínṣì ní pouce, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń pe àtàǹpàkò. Láti 1959 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lò ó ti fẹnu kò pé mìlímítà 25.4 ni ínṣì kan, kò lé, kò dín. Lọ́dọ̀ aránṣọ wa, ó jẹ́ àlàfo láàárín ìlà méjì lórí téèpù, ó sì jẹ́ ínṣì, ọ̀rọ̀ tí àwa náà ti gbà tí a ti fi ohùn sí.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jókòó. Inch jẹ́ àyálò láti inú Látìn, meal jẹ́ ọmọ onílé. Piece jẹ́ àyálò láti inú Faransé, meal ọmọ onílé tún dì mọ́ ọn, nǹkan bí ọdún 1300. Gẹ̀ẹ́sì ń yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àlejò, ó sì ń fi ọwọ́ ilé wọ̀n ọ́n jáde. Bí àwa bá wá sọ pé "ínṣì-ínṣì", ohun kan náà gẹ́lẹ́ la ṣe: a yá ínṣì, a sì fi ọ̀nà tiwa pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe bára mu tó, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ìbòrí kan dé ìkòkò ẹlòmíràn tó sì dé e wẹ́kú.

Àmọ́ kí a tó dé orí ìyẹn, a jà. Olùkọ́ wọn fẹ́ "díẹ̀díẹ̀". Ó ní ó rọrùn, gbogbo ènìyàn ló máa gbọ́ ọ, ó sì mọ́ ẹnu òṣèré. Mi ò gbà. Díẹ̀díẹ̀ ní sùúrù nínú jù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Aláìsàn tí ara rẹ̀ ń yá, díẹ̀díẹ̀ là ń sọ. Èpè Caliban kò fẹ́ kí nǹkan rọra lọ, ó fẹ́ kí àrùn má fo ibì kankan. Ọmọbìnrin wa mú "bí ikán ṣe ń jẹ igi" wá. Inú gbogbo wa dùn sí i, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, torí pé Yorùbá ni látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ikán kò sí níbẹ̀. Irà ló wà níbẹ̀, àti oòrùn. Bí a bá sì mú ikán wọlé, jíjẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde ló tún gba ojú fèrèsé wọlé yẹn. Ẹnì kan dá oríkèé-oríkèé lábàá. Mo ní kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún Posthumus, àti pé láàárín oríkèé kan sí èkejì ẹran ara wà tí àrùn lè fò.

Olùkọ́ wọn wá bi mí ní ìbéèrè tó le jù. "Ẹ̀gbọ́n, Caliban yìí, nínú igbó, ibo ló ti rí ínṣì?"

Mo ní lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Èdè tó fi ń ṣẹ́ èpè, ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Òṣùwọ̀n tó wà nínú èdè náà, ti ọ̀gá rẹ̀ ni. Bí a bá wẹ gbogbo àyálò kúrò lẹ́nu Caliban kí ó lè dà bí ará oko, a ti mú ohun tó gún ọ̀gá rẹ̀ lára jù kúrò. Ọ̀rọ̀ tí Prospero fi kọ́ ọ ní wíwọ̀n ni ó fi ń wọn àrùn sí ara Prospero. Olùkọ́ náà mi orí, àmọ́ mo rí i pé kò tíì gbà tán.

Ìyá aránṣọ ló tún parí rẹ̀. Ó mú ẹ̀wù àpò náà wá fún ìwọ̀wò, mo sì sọ fún un pé òótọ́ ló sọ, kò sóúnjẹ níbẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí a rí. Ó gbọ́ tán, ó jókòó, ó sì sọ ti oníbàárà rẹ̀ kan fún wa. Obìnrin náà gbé aṣọ kan padà wá pé kí ó bá òun fún un, ó fún un ní ínṣì kan. Kò pẹ́, ó tún gbé e wá, ó tún mú ínṣì kan kúrò. Nígbà ẹ̀kẹta, kò tíì fi téèpù kàn án tó ti mọ̀. "Àwa la máa ń kọ́kọ́ mọ̀," ó wí, "kí ẹbí tó mọ̀. Ínṣì-ínṣì ni àìsàn ń mú ènìyàn lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: 38, 37, 36." Ó ṣí ìwé ìwọ̀n rẹ̀, ó fi hàn wá. Nọ́ńbà mẹ́ta ni, ó fi gègé fa ìlà sórí méjì àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta wà bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu kan díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun kan ṣì kù tí a tún ṣe, kékeré ni, àmọ́ ó ń dùn mí pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tún fò ó. Ọmọ wa kọ "aláìsàn". Shakespeare kò ní kí Prospero ṣàìsàn, ó ní kí ó di àrùn. Aláìsàn ṣì jẹ́ ènìyàn, ó lè gbádùn. Èpè yìí fẹ́ kí àrùn gba ínṣì kan, kó gba èkejì, títí kò fi ní sí ínṣì kankan mọ́ tó ń jẹ́ Prospero. Bí a bá ti mọ iṣẹ́ tí inch-meal ń ṣe níbẹ̀, "disease" náà á dúró sáàyè rẹ̀, torí pé ọ̀kan ló gbé èkejì ró. Èyí tí a tẹ̀ fún àwọn òṣèré nìyí:

"Gbogbo àrùn tí oòrùn ń fà sókè
nínú àbàtà, nínú irà, nínú ẹrẹ̀,
kó já lé Prospero lórí,
kó gba ara rẹ̀ ní ínṣì-ínṣì
títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di àrùn!"

Lọ́jọ́ eré, mo jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá aránṣọ. Ọmọkùnrin náà ru igi wọlé nínú ẹ̀wù àpò ìrẹsì rẹ̀, wọ́n lu páànù lẹ́yìn aṣọ ìkélé fún àrá, ó sọ igi sílẹ̀. Nígbà tó dé "ínṣì-ínṣì", ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kọ́ ọ. Ó na apá òsì, ó gbé àtàǹpàkò ọ̀tún lé ọrùn ọwọ́, ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gbé e sókè, ó ń wọn apá ara rẹ̀ lọ bí ẹni tó ń wọn aṣọ. Gbogbo gbọ̀ngán dákẹ́. Ìyá aránṣọ fọwọ́ kan téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀. Àtàǹpàkò náà ti dé èjìká kí wọ́n tó tún lu páànù.